Owó Tí Kò Tíì Dé Ti Ń Tú Wa Ká Níbi Iṣẹ́: Ṣé Kí N Yọwọ́ Ni?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ilé ìtẹ̀wé kan nílùú Òṣogbo níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa òṣìṣẹ́ mẹ́fà la wà níbẹ̀, yàtọ̀ sí ọ̀gá. Ó ti ṣe díẹ̀ tí a ti ń dá ₦500 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí ẹnìkan nínú wa ń fi í bá wa ta lọ́tò. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mẹ́ta jáde nínú nọ́ńbà márùn-ún tí a mú. A ò rí kọ́bọ̀ gbà, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni ibi iṣẹ́ wa ò ti fara rọ mọ́. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ń fún ọ̀gá lésì gbígbóná. Àbúrò kan wà tí kò rówó dá fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí àìsàn ìyá rẹ̀, wọ́n ní kò sí lára wa mọ́. Alfa kan wà láàárín wa tó ń dá owó tiẹ̀, àmọ́ tó ní kí a má kọ orúkọ òun síbì kankan. Àwọn kan tún ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹni tó ń bá wa ta á ń ta tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n yọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀sẹ̀ tí mo bá yọwọ́ gan-an ni wọ́n á jẹ ẹ́. Kí ni kí n ṣe, sà?”

Arábìnrin wa, ẹ kò béèrè lọ́wọ́ mi bóyá tẹ́tẹ́ dára tàbí kò dára, nítorí náà n kò ní í wàásù fún yín. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ohun méjì ló ń jà nínú yín. Ibi tí ẹ ti jọ máa ń ṣàwàdà tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí ẹ ti ń ṣọ́ ẹnu yín. Ẹ̀rù sì ń bà yín pé bí ẹ bá kúrò, ẹ̀yin nìkan lẹ máa jókòó ti ìwé ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó, nígbà tí àwọn yòókù bá ti ń yan mọ́tò. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ni ti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́: gbígbà wọ́n síṣẹ́, pípẹ̀tù sí aáwọ̀ wọn, àti kíkọ ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Àmọ́ mo ti rí owó tí à ń retí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ dáadáa, mo sì lè sọ fún yín pé ó máa ń da àárín èèyàn rú ju owó tó ti dé lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka owó náà, torí ó jọ pé kò tíì sí ẹni tó kà á láàárín yín. Lọ́tò tí wọ́n ń ta káàkiri Òṣogbo, láti Ọjà Ọba títí dé Òkè-Fìà, nọ́ńbà 90 ló wà nínú rẹ̀, márùn-ún ni wọ́n sì ń mú jáde. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà méjì péré, èyí tí àwọn oníbàárà wọn ń pè ní two-sure, ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 400 ìgbà ni méjèèjì máa ń jáde fún un, ìlọ́po 240 ni wọ́n sì máa ń san. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ₦100 tí àwọn èèyàn ń kó lọ síbẹ̀, nǹkan bí ₦60 ló ń padà sọ́wọ́ wọn bó bá pẹ́ títí. Ká ní ẹ fi ₦1,000 nínú ₦3,000 yín ta nọ́ńbà méjì, tí ẹ sì jẹ ẹ́, ₦240,000 ni. Bí ẹ bá pín in sọ́nà mẹ́fà, ₦40,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ dòfin lọ́dún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹ wá wo iye tí ẹ ń torí rẹ̀ yan ara yín lódì. Ti nọ́ńbà márùn-ún ńkọ́, èyí tí ẹni tó ń wa ẹ̀rọ yín gbójú lé? Ẹ̀ẹ̀kan nínú 43,949,268 ni. Bí ẹ bá ń ta ẹyọ kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láì sinmi, ọdún tó lé ní 800,000 ni ká fọkàn sí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé “ẹnìkan ṣáà ń jẹ ẹ́.” Bẹ́ẹ̀ ni. N kò sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀, mo ń sọ pé kò tọ́ kí a ti tìtorí rẹ̀ lé ọmọ ẹni ẹlẹ́ni jáde.

Mẹ́ta tó jáde yẹn gan-an ló bà yín jẹ́. Ojú tí ẹ fi wò ó ni pé ó ku méjì. Kò ku méjì rárá. Nínú irú eré yìí, tí ẹ bá mú nọ́ńbà márùn-ún, ìgbà 35,700 ni mẹ́ta máa jáde kí márùn-ún tó jáde lẹ́ẹ̀kan. Àwọn nọ́ńbà náà kò sì mọ̀ pé ẹ ti sún mọ́ wọn rí. Bí wọ́n bá ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀tun ni. Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ aráyé kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pàdánù pátápátá á ju ìwé sílẹ̀, á sì padà sídìí iṣẹ́. Ẹni tó kù díẹ̀ fún kò ní í sùn. Láti ọjọ́ yẹn ni lọ́tò ti kúrò ní eré láàárín yín, tó di owó tí wọ́n jí gbà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ń dúró dè kó padà.

Kí ló wá dé tí ohun tí kò tíì sí fi ń fa ìjà? Èyí ló yẹ kó yé yín jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Owó tó wà nílẹ̀ ní iye, a lè kà á, a lè pín in. Owó tí à ń retí kò ní iye, kálukú ló ń fi bí ohun tó ń wá ṣe tóbi tó wọ̀n ọ́n. Láàárín ẹ̀yin mẹ́fà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti fi tiẹ̀ ra bọ́ọ̀sì, kí ọ̀kan ti san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́rin, kí ọ̀kan ti ṣí ilé ìtẹ̀wé tiẹ̀. Ẹni tó bá ti ná owó lọ́kàn bẹ́ẹ̀ kò ní í rí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bí ẹlẹgbẹ́ mọ́, á máa rí i bí ẹni tó fẹ́ bu nǹkan kúrò nínú tiẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àbúrò yẹn ti wá. Kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mẹ́fà bá di márùn-ún, ₦40,000 á di ₦48,000, inú àwọn tó kù sì ti gbà bẹ́ẹ̀ kí ẹnu wọn tó sọ ọ́. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ṣé ₦8,000 ni wọ́n torí ẹ̀ lé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n á bínú, torí àwọn náà kò mọ̀ pé ohun tí àwọn ń ṣe nìyẹn.

Mo rí irú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé wọ́n fẹ́ san owó gọbọi fún àwọn òṣìṣẹ́ kan kí wọ́n lè máa lọ sílé. Àwọn ọkùnrin méjì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n jọ ń pín àmàlà jẹ ní búkà ẹ̀yìn gééètì ní gbogbo ọ̀sán. Ọ̀kan gbà pé orúkọ òun á wà nínú rẹ̀, ló bá lọ gba ọ̀kadà láwìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣe onígbọ̀wọ́. Lọ́jọ́ kan mo bá ẹni àkọ́kọ́ yìí lórí tábìlì, ó ń ya àwòrán ilé sí ẹ̀yìn ìwé tí a fi ń kọ orúkọ àwọn tó wá síṣẹ́: yàrá mẹ́rin, pálọ̀ méjì, pẹ̀lú ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń bọ̀, ó yí ìwé náà dojú dé. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Ó ti ń wò ó bíi pé yàrá kan nínú rẹ̀ jẹ́ tòun.” Ilé tí kò sí, ilẹ̀ rẹ̀ gan-an kò tíì sí, ó ti ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà lórí yàrá inú rẹ̀! Owó yẹn pẹ́ kó tó jáde, kò sì tó ohun tí wọ́n ń pariwo. Nígbà tó fi máa jáde, wọ́n ti ń yọ owó ọ̀kadà lára owó oṣù onígbọ̀wọ́, àwọn méjèèjì kò sì jọ dé búkà mọ́.

Ohun kejì tí ìrètí owó máa ń ṣe ni pé ó máa ń yí ipò padà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ẹni tó ń bá yín ta lọ́tò kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ń ṣe dísáìnì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Lónìí, òun ni ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti máa bá a ra oúnjẹ, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín sí àwàdà tí kò pani lẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní a kì í torí pé a máa jẹran ká máa pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá. Ó dà bíi pé ẹ ti ń pè é ní bọ̀ọ̀dá ná. Àwọn tí kò fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó ń ta tiẹ̀ lọ́tọ̀. N kò lè mọ̀ láti ibí bóyá olóòótọ́ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin náà kò sì lè mọ̀ nípa wíwo ojú rẹ̀. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ta tiẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kó jẹ́ pé ìgbà tí nọ́ńbà bá jáde tán ni ẹ óò tó mọ èyí tó jẹ́ tiyín àti èyí tó jẹ́ tiẹ̀.

Ti ẹni tó ń wa ẹ̀rọ, mi ò gbà pé lọ́tò ló kọ́ ọ ní ìdáhùn tó ń fún ọ̀gá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣèwádìí lọ́dún 2004 nípa àwọn tó jẹ lọ́tò ní tòótọ́. Nǹkan bí 85 nínú 100 wọn ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí owó dé. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ kì í sáré kúrò. Èyí tó bá ti ń sọ pé “ẹ máa wá mi tì láìpẹ́” nígbà tí kò tíì sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, inú ti ń bí i tipẹ́, ìrètí owó kàn là á lẹ́nu ni. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò: ìgbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ, tí ìwé ìkéde kò ní òǹkà, ìgbà kàlẹ́ńdà ní òpin ọdún, tí ẹ̀rọ kì í sinmi lóru. Ta ló ń dúró tì í? Ṣé wọ́n ń san owó àfikún iṣẹ́ fún un? Bí ọ̀kan nínú yín bá lè bá a jókòó lórí ìyẹn láì mẹ́nu kan lọ́tò, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìdajì wàhálà yín máa parí sí. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀gá ni, kì í ṣe tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n yanjú ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà, pé ẹni tí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni owó. Níbi tí wọ́n ti ń san owó, ó lè rí bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá mú ìwé wá ni wọ́n mọ̀. Ní ilé ẹjọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1955, ẹjọ́ kan wáyé ní England láàárín ìyá àgbà kan àti obìnrin tó ń gbé nínú ilé rẹ̀. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú ọmọ-ọmọ ìyá náà ló jọ ń kópa nínú ìdíje ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orúkọ ìyá nìkan ni wọ́n sì ń kọ. Wọ́n jẹ £750, ìyá kọ̀ láti pín in. Adájọ́ ní kó fún ayálégbé rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣàdéhùn. Èyí tó tún jọ tiyín jù ni ti New Jersey ní Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ kan ló ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2009 ó jẹ $38.5 mílíọ̀nù, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀, kò sì padà síbi iṣẹ́ mọ́. Nígbà tí àṣírí tú, ó ní tíkẹ́ẹ̀tì tí òun dá rà fún ara òun ni. Oṣù Kẹta ọdún 2012 ni ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó dá àwọn márùn-ún láre. Ẹ wo ọdún tí wọ́n lò níbẹ̀, ẹ wo owó lọ́yà, nítorí ohun tí ojú ìwé kan ì bá ti tán.

Ní ti Nàìjíríà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ lọ́tò, wọ́n sì fagi lé òfin lọ́tò ti ọdún 2005. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ yín bá dé ojú ẹjọ́ lọ́jọ́ kan, lọ́yà tó mọ òfin Ọ̀ṣun ni kí ẹ lọ bá, ẹ má lọ bá mi.

Alfa yín ló kọ mí lóminú jù. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ní Òṣogbo tí a wà yìí, ìròyìn á ti dé mọ́ṣáláṣí kí ìrun Jímọ̀ tó parí. Ó sì mọ ohun tó wà nínú Súúrà karùn-ún, ẹsẹ 91: pé ohun tí Ṣàyítánì fẹ́ ni láti fi ọtí àti tẹ́tẹ́ dá ọ̀tá àti ìkórìíra sílẹ̀ láàárín yín. Èmi tí mo ní n kò ní í wàásù, ẹ rí i pé ẹsẹ yẹn ti sọ ohun tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yín. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tiẹ̀ yìí ló jẹ́ kí kò ṣeé ṣe fún yín láti ní ìwé kankan, torí bí ẹ bá kọ orúkọ márùn-ún, irọ́ ni. Bí ẹ bá kọ mẹ́fà, ẹ ti tú u láṣìírí. Ẹni tí kò fẹ́ kí orúkọ òun hàn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rẹ́ jẹ, kò sì ní í lè ké. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé kó máa fi ₦500 rẹ̀ ra omi fún mọ́ṣáláṣí.

Ó wá ku ẹ̀rù tiyín. Kì í ṣe ẹ̀rù ọmọdé. Ní Netherlands, lọ́tò kan wà tó jẹ́ pé kóòdù àdírẹ́sì ilé èèyàn ni nọ́ńbà rẹ̀. Bí wọ́n bá mú kóòdù yín jáde, àwọn aládùúgbò tó ra tíkẹ́ẹ̀tì á gbowó, ẹ̀yin tí ẹ kò rà á á sì mọ̀ dájú pé ẹ̀yin náà ì bá gbà á. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2011 fi hàn pé àwọn tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó jẹ ẹ́, tí àwọn kò gba nǹkan kan, máa ń ra mọ́tò ju bí wọn ì bá ti rà á lọ. Ojú tí wọ́n fi rí ti ẹlòmíràn ló ń dà wọ́n láàmú. Nítorí náà, bí ẹ bá yọwọ́, gbogbo Sátidé ni ọkàn yín á máa lù kìkì fún ìgbà díẹ̀, n kò lè tàn yín. Àmọ́ ẹ bi ara yín: ṣé ìfẹ́ owó náà ló mú yín dúró ni, tàbí ìbẹ̀rù kí ẹ má nìkan kù? Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun náà ló mú àwọn márùn-ún yòókù dúró, tí kò sí ẹni tí lọ́tò yìí tún dùn mọ́ nínú.

Bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ má dúró bí ẹ ṣe wà yìí. Kí ẹ kọ ìwé nísinsìnyí tí kò sí owó kankan nílẹ̀, torí òní ni ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì dọ́gba. Ẹni tó bá ti gbóòórùn owó kò ní í fọwọ́ sí nǹkan kan. Ilé ìtẹ̀wé lẹ wà, pépà kò wọ́n yín. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dá owó, iye tó dá, aago tí owó gbọ́dọ̀ pé lọ́jọ́ Ẹtì, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá rí tiẹ̀ dá. Kí ẹni tó ń bá yín ta á ya fọ́tò ìwé lọ́tò yín sórí WhatsApp kí wọ́n tó mú nọ́ńbà jáde, bó bá sì ta tiẹ̀, kó ya ìyẹn náà. Bó bá ní òun kò lè ya fọ́tò, ẹ kúrò lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Èmi, bó bá jẹ́ èmi ni, màá kúrò. Màá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú ti ọ̀sẹ̀ kan jáde tí kò sì sí gbèsè nílẹ̀, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò sí níbẹ̀ láti ọjọ́ báyìí lọ. N kò ní í sọ ìdí tó gùn, n kò sì ní í fẹjọ́ wọn sun ọ̀gá. Àwọn kan máa ń gba irú yín nímọ̀ràn pé kí ẹ sọ ọ́ di àjọ. Ó dára, ₦3,000 tó ń yí kiri kì í sọnù. Ṣùgbọ́n àjọ kì í fún èèyàn ní àlá tó ń dùn mọ́ wọn, nítorí náà ẹ má retí kí wọ́n fò mọ́ ọn. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹnìkan tàbí méjì, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ọkàn yín kò bá sì gbé e láti kúrò, tí ẹ rò pé ₦500 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò pọ̀ jù láti fi wà láàárín àwọn èèyàn tí ẹ ń rí lójoojúmọ́, n kò ní í bá yín jà. Kí ẹ sáà kà á sí owó ìbáṣepọ̀, kí ẹ má fi ra nǹkan kan lọ́kàn yín.

Ní ti àbúrò tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọ̀sẹ̀ méjì tí kò dá owó ti lọ, kò sí ohun tó jáde níbẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dù ú. Èyí tó kù níwájú ni kí ẹ bi í léèrè fúnra rẹ̀, bóyá ó ṣì fẹ́. Bó bá ní òun fẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbé e, kí ẹnìkan yá a ní ₦500, kí ó sì sọ ọ́ létí gbogbo yín lọ́jọ́ Ẹtì kí wọ́n tó lọ ta á, pé gbèsè ni, owó oṣù ni yóò fi san án, ìpín rẹ̀ sì pé bíi ti ẹlòmíràn. Bó bá ní òun kò fẹ́ mọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kí ẹ sì yà sílé ìwòsàn lọ kí ìyá rẹ̀, ẹ̀yin tàbí ẹni yòówù tó bá lè lọ nínú yín.